Èsì lórí “ìtànbọ́ọ̀lù”: ta ni wọ́n tàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín nílé lóko.

Mo ti ka ìwé pẹlẹbẹ tí ọ̀gá wa fi ránṣẹ́ lánàá, èyí tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe lè dírìbù dáadáa, ìyẹn kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù lọ láìjẹ́ kó jìnnà sí wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá fún dírìbù, “ìtànbọ́ọ̀lù”, tí wọ́n fà yọ lára “tàn” inú “tan èèyàn jẹ”, kò bá mi lára mu rárá, n kò sì ní tìtorí pé ọ̀pọ̀ ti kí wọn kú iṣẹ́ kí n panu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú “tàn” yẹn sọ́wọ́ ká wò ó. Ọ̀gá ní bí a ṣe ní agbábọ́ọ̀lù náà la ṣe lè ní atànbọ́ọ̀lù. Rárá o. Nínú agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ni àbọ̀ (ohun tí ìṣe náà bá) fún gbá, òun ni wọ́n gbá. Nínú atànbọ́ọ̀lù, ta ni wọ́n tàn? Bọ́ọ̀lù ò lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò nínú. Ẹni tí wọ́n tàn ni ẹ̀yìn, agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tó ń bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kò sì dárúkọ. “Jẹ” tí í máa ń bá tàn rìn, tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀tàn là ń wí, wọ́n ti já òun náà sọnù lọ́nà.

Ohùn ńkọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ kì í dúró ní ìsàlẹ̀ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. “Rà á” là ń wí, ṣùgbọ́n “ra aṣọ”. “Tàn án jẹ”, ṣùgbọ́n “tan ọmọ jẹ”. Bí ẹ bá kúkú fẹ́ lo tàn, “ìtanbọ́ọ̀lù” ló yẹ kí ẹ kọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ìtàn bọ́ọ̀lù ni ọmọ yóò kà, yóò máa retí kí ẹ sọ bí Nàìjíríà ṣe na Algeria ní 3-0 ní Èkó lọ́dún 1980. Bí ẹ bá sì tún un ṣe, ó kù díẹ̀ kó di itan, itan tí agbábọ́ọ̀lù fi ń gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó tún dùn mí ju gírámà lọ ni pé ìwé ìkọ́ni ni. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ẹ̀tàn lòun wá kọ́, ìbàdí ni yóò máa mì, ẹsẹ̀ ni yóò máa yí po lórí bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn yóò sì ti gbé bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ lọ wo ibi tí kóòṣì tó mọṣẹ́ bá ti ń kọ́ wọn. Yóò to kóònù sílẹ̀ ní ìlà kan, yóò ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀, inú ẹsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, ọ̀tún kan òsì kan, kó má jìnnà ju ìṣísẹ̀ kan lọ. “Gbórí sókè!” ni yóò máa pariwo ṣáá. Bí wọ́n bá dé òpin ìlà, wọn yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ fà á padà, wọn yóò yà, wọn yóò sì ki eré mọ́lẹ̀ lójijì. Kóònù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílé tó bá iṣẹ́ yìí mu: dà. Darandaran ń da ẹran lọ, ó ń tì í síwájú, kò jẹ́ kó jìnnà, kò jẹ́ kó ṣe bó ti wù ú, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà. Dída bọ́ọ̀lù. Adabọ́ọ̀lù. Àbọ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, ohùn náà kò ṣì. Arábìnrin wa láti Ìlọrin ti kọ̀wé pé ohun ẹlẹ́mìí la máa ń dà lọ́nà bẹ́ẹ̀, pé “da bọ́ọ̀lù” lè dà bí ẹní da omi nù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a ń da omi, a ń da ẹran, ta ló ṣi ọ̀kan gbọ́ sí èkejì rí? Ẹni tó bá sì ti fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ olókùúta mọ̀ pé bọ́ọ̀lù a máa ṣe tinú ara rẹ̀.

Ọ̀gá fi Jay-Jay Okocha, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà nígbà kan, gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀: góòlù tó gbá wọlé fún Eintracht Frankfurt ní 1993, nígbà tí Oliver Kahn ń ṣọ́lé fún Karlsruhe. Wọ́n ní ẹ̀tàn pọ́ńbélé ni. Lóòótọ́, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ gbá a, Kahn ń ṣubú, àwọn ẹ̀yìn ń yọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú kúrò lára Kahn, kí ẹ wo ẹsẹ̀ Okocha. Ní gbogbo ìgbà tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì yẹn, bọ́ọ̀lù kò kúrò lábẹ́ àṣẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká ní ó jìnnà díẹ̀ ni, wọn ì bá ti gbá a dànù, ẹ̀tàn ì bá sì ti parí síbẹ̀. Ademola Lookman náà, nígbà tó gbá àṣekágbá Europa League fún Atalanta ní Dublin ní 2024, góòlù kẹta tó jẹ Leverkusen: ó kọ́kọ́ da bọ́ọ̀lù wá bá ẹ̀yìn ni, kó tó yí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, kó tó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a sókè àwọ̀n.

Ẹni wa tó wà ní London ní ká fi dírìbù sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ṣe tán bọ́ọ̀lù, góòlù àti réfírì ti di tiwa. N ò bá a jà. Kí dírìbù dúró, ṣùgbọ́n kó dúró síbi tí àwọn ọmọ tó ń gbá sẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù àdúgbò, fi í sí, ìyẹn nígbà tí èèyàn bá gba ojú ẹnìkan kọjá. “Ó dírìbù ẹ̀.” Dírìbù ni ti èèyàn, dídà ni ti bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò bá tíì lè dà á kò lè dírìbù ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kí á má tún gbọ́ pé ọ̀gá ti ń kọ́ Yorùbá kí wọ́n tó bí àwa kan. A mọ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bàbá mi kò ka ìwé kankan, kábíńtà ni, etí rédíò ló wà nígbà tí IICC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, gba ife Áfíríkà (African Cup Winners’ Cup) ní 1976. Bó bá ń sọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù wọn, “ó ń da bọ́ọ̀lù bọ̀ létí pápá” ló máa ń wí. Kò lọ bi ẹnikẹ́ni kó tó sọ ọ́.

Mo bẹ ọ̀gá, kí wọ́n fi èyí sí ojú ìwé kejì dípò tiwọn, kí wọ́n kà á sókè fún àwọn ọmọ náà lórí pápá kí wọ́n tó dá mi lóhùn: “Da bọ́ọ̀lù láti kóònù kìíní dé ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Fi ẹsẹ̀ òsì dà á padà. Gbórí sókè.” Ní ti “olùdarí-ìtànbọ́ọ̀lù” tí wọ́n fi rọ́pò kóòṣì, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.