Ọkọ̀ wo ni kí n fi kó gààrí lọ sí Kánò?

Oní-gààrí Mọ́níyà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní àpò gààrí 80, oníkílò 50, àti ẹ̀rọ ìlọta 3, tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà mi ní Sabon Gari, Kánò. Iye tí wọ́n ń pè fún odindi ọkọ̀ fẹ́ jẹ èrè mi tán. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, òjò pa àpò 6 níbẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo wa tírélà rí:
Màmá, tọ́ọ̀nù 4 péré ni gààrí yín, tírélà sì ń gbé 30. Kí lẹ fẹ́ fi odindi ọkọ̀ ṣe? Ẹ lọ sí Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà àti ẹ̀wà. Àwọn ọkọ̀ tó kó wọn wá láti òkè Ọya, òfìfo ni wọ́n máa bá padà tí wọn ò bá rí ẹrù. Ẹni tó ń wá owó epo kì í le lówó. Mo ti sùn mọ́jú ọjọ́ 3 ní Bódìjà rí nítorí ẹrù tí màá gbé padà! Ẹ ṣáà tètè débẹ̀, kí alágbàtà tó dá sí i.

Ìyá Ìbejì Ojóò:
Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ àlùbọ́sà o. Omi rẹ̀ ti mu sí pákó ọkọ̀, gààrí sì ń fa òórùn. Ọkọ̀ ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ wá. Kẹ́ ẹ sì na tapólì rẹ̀, ìbòrí tí wọ́n fi ń bo ẹrù, sókè sí oòrùn, ẹ ó rí gbogbo ihò ara ẹ̀.

Akọ̀wé gáréèjì:
Kí wébíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, jẹ́ ẹ̀dà 3: tiyín, ti awakọ̀, ti oníbàárà. Iye àpò, iye ẹ̀rọ, nọ́ńbà ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má sanwó tán níbí. Kí oníbàárà san ìyókù tó bá kà á tó pé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa wọ àdúgbò tàbí títì ni wọ́n máa já a sí, torí owó alábàárù tibẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fa epo inú ẹ̀rọ yẹn gbẹ.

Oní-gààrí Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí ọkọ̀ ẹ̀wà kan láàárọ̀ yìí, tapólì 2 ló ní. Ọjọ́ Ẹtì ló máa gbéra, ẹrù ẹlòmíì ni wọ́n ṣì ń dúró dè. Ta ló ní pákó àlòkù tí mo lè tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ?