“Ìyàsọ́tọ̀ iṣẹ́ àti oníṣẹ́” kò bá a mu

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣágámù, ẹ kú làákàyè. Ẹ dábàá pé kí á máa pe ọ̀rọ̀ bóyá a lè yin ọnà ẹni tó hùwà ìkà ní “ìyàsọ́tọ̀ iṣẹ́ àti oníṣẹ́”. Ẹ jọ̀wọ́, n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo “iṣẹ́” ná. Lẹ́nu wa, àwòrán téèyàn yà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó pa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà ni. Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, pa ọkùnrin kan, Ranuccio Tomassoni, ní Róòmù ní 1606, ó sì sá lọ. Ní 1608, ní erékùṣù Malta, ó ya bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Inú ẹ̀jẹ̀ tó yà pé ó ń ṣàn lọ́rùn Jòhánù ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sí! Tí a bá ní kí á ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, èwo nínú méjèèjì? “Ìyàsọ́tọ̀” ló tún wá burú jù. Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ohun tí a yà sọ́tọ̀ ti di mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ kí á tó rojọ́.

“Ọnà” ni kí á dì mú. Ní Ìjẹ̀bú níbí, ẹ wo aṣọ olónà tí àwọn Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká: òwú tí ahunṣọ fi kún ìhun, tó yọ lójú aṣọ, òun ni ọnà. Èèyàn lè tọ́ka sí i láìdárúkọ ẹni tó hun ún. Ìwà ni kó dúró lódìkejì. Nítorí náà, “wíwọn ọnà lọ́tọ̀, wíwọn ìwà lọ́tọ̀”.

Mo yan “wọ̀n” kí ìwà náà lè gun òṣùwọ̀n. Eric Gill, oníṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbẹ́ ère tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1989 fi hàn, látinú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tirẹ̀, pé ó fipá bá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lò. Ní 2022, ẹnìkan gun àkàbà, ó fi òòlù lu ère náà. Lẹ́tà ìtẹ̀wé tí Gill ṣe, ìyẹn ìrísí A, B, D tí à ń fi tẹ̀wé, a lè wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀. Àwòrán tó fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn yà ńkọ́? Èmi á ní kò ṣeé wọ̀n lọ́tọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí á so ó pọ̀ di “ìwọnàlọ́tọ̀” o. Lórí fóònù, àmì ohùn máa ń já, ọnà a di ọ̀nà, òǹkàwé a sì rò pé àwọn awọnlẹ̀ là ń sọ. Kí á kọ ọ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún àkọlé tí àyè kò gbà, “ọnà lọ́tọ̀, ìwà lọ́tọ̀” ti tó.