"Ìparíjà" kọ́ niṣẹ́ wa: èsì fún Ẹ̀gbọ́n lórí "là"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo bèèrè lọ́wọ́ gbogbo yín níbí, orúkọ tí a ó kọ sára pátákó ilé iṣẹ́ wa, èmi àti ẹnì kejì mi péré. À ń bá àwọn tí aáwọ̀ wà láàárín wọn jókòó, a sì ń kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́, ohun tí Òyìnbó ń pè ní "critical thinking". Ẹ dá mi lóhùn, mo dúpẹ́. Àmọ́ "Ilé Iṣẹ́ Ìparíjà àti Ìrònú Alátakò" tí ẹ fún mi yẹn, mi ò lè gbé e kọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ò wo ilé yìí.

Ẹ ní ẹni tó wọlé sáàárín àwọn méjì tí ìjà sì tán, òun ló parí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn méjì kan tó da owó pọ̀ ṣòwò wá sọ́dọ̀ wa. A kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe agbẹjọ́-ẹnìkan-dá. Nígbà tí wọ́n wá jọ jókòó, èyí àgbà ní, "Olè ni." Mo ní kó sọ ohun tó rí fún mi, kó fi ohun tó pè é sílẹ̀ ná. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Mo rí i pé owó jáde, kò sì sọ fún mi." Láti "olè ni" dé "kò sọ fún mi", gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ẹnu wọn ni àdéhùn ti jáde, àwọn ló buwọ́ lù ú. Bó bá jẹ́ èmi ni mo parí ẹ̀, mo ti di adájọ́, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Àdéhùn àgbáyé tiẹ̀ wà lórí irú iṣẹ́ yìí láàárín àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè méjì. Singapore ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lù ú ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó wà láàárín kò láṣẹ láti fi ojútùú lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹni tí kò láṣẹ, kí ló fẹ́ parí?

Ìlàjà la bá lẹ́nu àwọn àgbà. Bí a ti ń la igi, tí a ń la ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ la ń la ìjà: a fi àlàfo sáàárín àwọn tó so kọ́ra. "Là" kò ṣèlérí pé ó tán.

Àǹtí kan ní "ìlajà" ló tọ̀nà, kì í ṣe "ìlàjà", torí pé "la ìjà" là ń wí. Àǹtí, ẹ tún un pè sétí ara yín. Lóòótọ́ "là" máa ń di "la" bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí a bá pa "ì" ìjà jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bá a kú, orí "la" ló ń bọ́ sí. "Ojú" kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tí yóò fún un, ìyẹn la fi ń wí pé "lajú". Ẹni tó bá fẹ́ fi "ọ̀làjú" mú mi, kó dúró dọjọ́ mìíràn.

"Ìrònú alátakò" ló bí mi nínú jù. Ẹni tó ń la ìjà láàárọ̀ ni ẹ ní kó máa kọ́ni ní àtakò lọ́sàn-án! Mo lè tako yín láìronú rárá. Ọ̀pọ̀ wa níbí ń ṣe é. "Critical" tí àwọn Òyìnbó ń lò, Gíríìkì ló ti wá: krinein, kí a ya nǹkan sọ́tọ̀, kí a sì pinnu. "Là" náà kọ́ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tí a là títí ó fi yéni ni àlàyé.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò ka ìwé kankan. Bí a bá ń jà, ìbéèrè mẹ́ta ló ní: "Kí lo rí? Kí lo gbọ́? Kí lo fi orí ara rẹ rò?" A kì í dé ìkẹta kí ẹ̀rín tó pa wá.

Ẹnì kan ní ká yá "lámèyítọ́", orúkọ ẹni tó ń yẹ ìwé wò, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n "èyí tó tọ́" inú rẹ̀ ń há mi lọ́fun, nítorí nídìí tábìlì wa, a kì í tíì mọ èyí tó tọ́. "Ìlàrò" ni tèmi, láti inú là àti èrò. Kí aláwàdà kankan má sọ pé orúkọ ìlú ni. Ohùn wọn ò dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ ó sọ pé bí a bá pa fáwẹ́lì jẹ, "ìlèrò" ló yẹ kó dà, mo ti ń retí yín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọdún 30 lẹ fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo forí balẹ̀. Ọdún wo nínú wọn lẹ jókòó sáàárín oníjà méjì?

Ẹni tó ń kun pátákó ń dúró dè mí. Mo ti ní kó kọ "Ìlàjà" ná, kó má gbàgbé àmì orí "là", kó sì fi ìdajì tó kù sílẹ̀ lófìfo.