Ìbéèrè lórí ẹ̀rọ iná mànàmáná fún egungun tí wọ́n ri irin sí

Ìyá Tọ́lá: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Oníṣẹ́ abẹ eyín ti ri irin titanium sínú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi, ó sì ní kí a ní sùúrù kí egungun gbá irin náà mú dáadáa kí òun tó gbé eyín lé e. Mo wá rí ìpolówó ẹ̀rọ kan tí wọ́n ní ó ń fi iná mànàmáná mú egungun jinná kíákíá. Ṣé òótọ́ wà níbẹ̀, àbí owó wa ni wọ́n ń wá?

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, mà. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ àbùmọ́ pọ̀ nínú ìpolówó náà. Ní ọdún 1957, Fukada àti Yasuda ní Japan fi hàn pé bí a bá tẹ egungun, iná díẹ̀ a máa jáde lára rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i pé ibi tí egungun ti fún pọ̀ ni iná olódì (negative) máa ń wà, ibẹ̀ náà ni egungun tuntun sì ti máa ń hù. Iná yìí ni àwọn ẹ̀rọ náà ń sín jẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lò ó. Àkọ́kọ́ ni kí oníṣẹ́ abẹ tẹ́ wáyà tín-ín-rín sí ojú egungun, kí ó fi bátìrì kékeré sábẹ́ awọ, kí iná tó kéré gan-an, tí kò ju nǹkan bí 20 microampere (ìdá ogún nínú mílíọ̀nù ampere kan) lọ, máa gbabẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òpin olódì wáyà ni wọ́n ń fi sí ojú egungun, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń dínkù tí ìkan omi ara sì ń rọlẹ̀, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun fẹ́ràn. Òpin kejì lè pa ẹran ara tó bá kàn. Bí iná bá sì pọ̀ jù, òpin olódì pàápàá a máa ba egungun jẹ́. Ọ̀nà kejì ni pátákó méjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, ìkẹta sì ni okùn wáyà róbótó tí ń tú agbára òòfà jáde láìfọwọ́ kan ara. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èyí tí wọ́n ń gbé lọ sílé ló ń ka wákàtí tí aláìsàn fi lò ó; bí bàbá bá ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, dókítà á rí i.

Egungun tó ṣẹ́ tí kò fẹ́ so pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ẹ̀rọ wọ̀nyí fún ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979. Ní ti irin eyín, ara ẹranko ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò, ti ènìyàn kò tó nǹkan. Ní tèmi, n kò ní ra ohun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún irin tó ń lọ dáadáa. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni egungun sábà máa ń fi gbá irin mú, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé kí irin náà má mì: bí ó bá ń mì ju ìdá 150 nínú mílíọ̀nù ìdá mítà kan lọ, ẹran líle ni yóò hù yí i ká dípò egungun, iná kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ bá a jáwọ́ nínú sìgá, kí ẹ sì ṣọ́ ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ bí ó bá ní in.

Ìyá Tọ́lá: Ẹ ṣeun, sà. Bàbá ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù (pacemaker) láyà o.

Bọ̀dá Kúnlé: Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn o, mà. Agbára òòfà àti iná lè da ẹ̀rọ ọkàn láàmú. Kí ó má fọwọ́ kan èyíkéyìí títí dókítà ọkàn àti oníṣẹ́ abẹ eyín yóò fi jọ fohùn ṣọ̀kan, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.