Ọ̀gá fẹ́ ife, èmi fẹ́ tọ́ ọmọ: báwo ni àwọn kíláàbù ńlá ṣe ń ṣe é?

Mẹkáníìkì_Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Kàbà ni mo wà. Ọ̀kadà ni mò ń tún ṣe, àmọ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ní bọ́ọ̀lù. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan, òun ni à ń pè ní ọ̀gá, ló ra jẹ́sì àti bọ́ọ̀lù mẹ́rin fún wa, Ọlọ́run á san án fún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdíje ń bọ̀ ní Lọ́kọ́ja lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀gá sì ní òun ò ní san owó mọ́tò fún ẹni tí kò ní gba ife. Ó ní kí n wá àwọn "ọmọ tó gbó díẹ̀" mẹ́rin kún un, kí n dín ọjọ́ orí wọn kù. Àwọn tó ń wí yìí ń fá irùngbọ̀n o.

Ọmọ kan wà tí à ń pè ní Kékeré. Ọdún 14, ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, atẹ́gùn lè gbé e. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Bí àwọn onírùngbọ̀n bá dé, bẹ́ǹṣì ló máa jókòó sí. Arsenal àti Barcelona náà ní ọ̀gá tó fẹ́ ife. Báwo ni tiwọn ṣe ń rí ọmọdé fi gbá bọ́ọ̀lù?

Ọmọ_Ìyàrá:
Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ míì kì í wọ̀ ọ́. Owó mọ́tò ni ebi tiyín. Ẹ kọ́kọ́ gba ife ná, Kékeré ò ní sá lọ.

Kóòṣì_Àgbà_Ìsánlú:
Àbúrò mi ní Kàbà, okun o. Ti àwọn onírùngbọ̀n ni kí n kọ́kọ́ sọ, ká lè kúrò níbẹ̀: má dán an wò. Láti 2009 ni FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ti ń fi ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara wo eegun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ níbi ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti dàgbà jù. Eegun kì í gba rìbá. Wọn lè má gbé ẹ̀rọ wá sí Lọ́kọ́ja, àmọ́ irọ́ tó o bá kọ sínú ìwé ọmọ lónìí, òun ni yóò máa gbé kiri.

Ọ̀rọ̀ Kékeré ló wù mí sọ. Àwọn èèyàn rò pé kíláàbù ńlá ń ṣàánú ọmọdé. Kò sí àánú kankan níbẹ̀. Àyè ló máa ń ṣí, ẹni tó bá ti múra á sì wọlé. Bùkáyọ̀ Saka tiwa, iwájú ló ti ń gbá a, àmọ́ ní sáà 2019-20 tí àwọn ẹlẹ́yìn apá òsì Arsenal fara pa, ẹ̀yìn ni wọ́n sún un sí, kò sì ráhùn. Ti Chelsea tún pani lẹ́rìn-ín. FIFA fòfin dè wọ́n ní 2019 pé wọn ò gbọdọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé wọ́n rú òfin kíkó ọmọdé wá láti òkèèrè! Ìgbà tí ọjà tì ni Lampard, kóòṣì wọn, tó yíjú sí Mason Mount, Reece James àti Tammy Abraham tó wà nílé. Góòlù 15 ni Abraham gbá wọlé nínú líìgì lọ́dún náà. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n lé Lampard. Ní oṣù karùn-ún, James àti Mount wà nínú àwọn 11 tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá Champions League, Mount ló sì ta bọ́ọ̀lù sí Havertz tó fi gbá a wọlé. Ẹni tó gbin iṣu wà nílé, ẹlòmíì ń gún iyán.

Àyè a sì máa pa dé. Iheanacho gbá góòlù 14 fún Manchester City ní 2015-16. Guardiola dé gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì tuntun, Gabriel Jesus tí òun náà ń gbá iwájú tẹ̀ lé e, nígbà tó fi máa di 2017 wọ́n ti ta ọmọ wa fún Leicester. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ajax 1995 ni kó o wò dáadáa. Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé ọmọdé ló gba ife Yúróòpù yẹn. Òótọ́ ni, Kluivert ọmọ ọdún 18 ló gbá góòlù kan ṣoṣo sáwọ̀n Milan ní ìṣẹ́jú 85, Kanu tí òun náà jẹ́ ọmọ 18 wọlé, Finidi wà lórí pápá. Ta ló wá wà lẹ́yìn wọn? Danny Blind, ẹni ọdún 33, àti Frank Rijkaard, ẹni 32. Àgbà ló ń pariwo lẹ́yìn wọn, tó ń darí wọn. Nínú àwọn ọmọ rẹ, mú àwọn tí egungun wọn le jù, fi ọ̀kan sẹ́yìn Kékeré, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gba bọ́ọ̀lù tó bá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ padà. Yóò já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dáadáa, má pariwo lé e lórí.

Sì máa yọ ọ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Mo ti ba ọmọ kan jẹ́ rí. Ìdíje ilé-ìwé ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin láàárín ọjọ́ márùn-ún, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, pápá le bí àpáta. Òun ló gbá gbogbo rẹ̀, torí mo mọ̀ pé tí mo bá yọ ọ́, a ti pàdánù nìyẹn. A gba ife. Ife náà ṣì wà nílé, bọ́tìnnì ni ìyàwó mi ń kó sínú rẹ̀. Ọmọ náà ti di awakọ̀ báyìí. Tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú kó tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Pedri, lọ́mọ ọdún 18, gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 73 fún Barcelona àti Spéìn ní 2020-21, itan rẹ̀ sì fi í sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn yẹn ní dókítà o. Èmi, àbóníkí ni mo ní.

Ìyá_Agbábọ́ọ̀lù (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀):
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Kóòṣì Kàbà, oníṣòwò ni ọ̀gá yín, owó ni kẹ́ ẹ bá a sọ. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni wọ́n ń pín fún àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Kíláàbù tó bá forúkọ ọmọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ nìkan ló ń rí i gbà. Ẹ bi í, ṣé ó fẹ́ kí irọ́ ọjọ́ orí gbé owó yẹn lọ? Àti pé, kí ni Kékeré ń jẹ kó tó wá sí pápá? Tèmi máa ń fi gààrí lásán gbá bọ́ọ̀lù, kò sọ fún mi.

Mẹkáníìkì_Kàbà:
Ẹ ṣé o, Mà. Mo bi Kékeré: ẹ̀kọ òwúrọ̀ ni, títí di alẹ́. A ti ń ra ẹ̀wà báyìí.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀rọ kalikulétọ̀ ṣírò ìdá 5 nǹkan kan tí n ò mọ̀, ó wá ní kò burú, ká má mú àwọn onírùngbọ̀n lọ mọ́. Owó àlọ lòun máa san. Tá a bá gba ife, òun á san tàbọ̀.

Bàbá Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ méjì ló kù tí mo lè fi sẹ́yìn Kékeré. Ọ̀kan lágbára, kò gbọ́ràn. Èkejì gbọ́ràn, kò lágbára. Èwo ni kí n mú?

Kóòṣì_Àgbà_Ìsánlú:
Èwo nínú wọn ló mọ ariwo pa?