Èmi àti ọmọ mi fẹ́ wá wo hókì ní New York: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará New York. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, pé a ó wá láti Philadelphia wo Flyers, ẹgbẹ́ hókì orí yìnyín ti ìlú wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kojú Rangers, ẹgbẹ́ ti New York, ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden. Orí ibùdókọ̀ ojú irin Penn Station gan-an ni gbọ̀ngàn náà wà, nítorí náà ọkọ̀ ojú irin la ó wọ̀: SEPTA, ti agbègbè Philadelphia, dé Trenton ní New Jersey, lẹ́yìn náà NJ Transit, ti New Jersey, dé New York. Amtrak, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, yá jù, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ìpadàbọ̀ lóru ló ń kọ mí lóminú. Bí eré bá wọ àfikún àkókò, ṣé a ó ṣì bá ọkọ̀ ní Trenton, àbí ká sùn sí New York? Ó fẹ́ wọ ẹ̀wù Flyers aláwọ̀ ọsàn rẹ̀. Ṣé kò séwu fún ọmọdé láàárín àwọn olólùfẹ́ Rangers?