Wọ́n ní ara mi ti kún, mi ò nílò fítámì

Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa oyún àti fítámì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Oyún ọmọ kejì mi pé oṣù mẹ́rin kí n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Mo gun òṣùwọ̀n, kílò 98 ni, bẹ́ẹ̀ mi ò ga ju mítà 1.62 lọ. Nọ́ọ̀sì wò mí tòkè-tilẹ̀. "Màdáámù, ẹ̀yin náà fẹ́ gba fítámì? Ẹ wo bí ara yín ṣe kún!" Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra, mo sì lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, egungun ìtan mi ń ro mí. Tí n bá fẹ́ dìde lórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà, ọmọ tó ń bá mi tajà ló máa ń fà mí lọ́wọ́. Mo rò pé ìwúwo ni. Dókítà obìnrin kan ní Yábàá ló ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Fítámì D mi ti lọ sílẹ̀ gan-an, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, sì jẹ́ 27, kò tó.

Ó bi mí pé aago mélòó ni mò ń jáde nílé. Mo ní aago márùn-ún ààbọ̀ láti Bàrígà, kí gósílóò tó dé.

"Ẹ ń padà ńkọ́?"

"Alẹ́ ni, mà."

"Ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?"

"Inú lọ́hùn-ún ni. Ọ̀sán gangan la máa ń tan iná."

"Ìgbà wo wá ni oòrùn ń kàn yín lára?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ó ní oòrùn tó ń kan awọ ara ni ara fi ń ṣe fítámì D, inú ọ̀rá ló sì máa ń wọ̀ sí. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lára, yóò dì í mú síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù nínú ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ìyá sì ni ọmọ inú ti ń rí tiẹ̀ gbà. Folic acid náà, ìyẹn fítámì tí wọ́n ń pè ní fólíìkì, ó ní ó yẹ kí obìnrin ti máa lo 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ kó tó lóyún, torí láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń jáde máa ń pa dé. Ẹni tó sanra bíi tèmi, dókítà lè fún un ní mílígíráàmù 5. Ìgbà yẹn ti kọjá lára èmi. Ẹ̀rù bà mí títí mo fi bí i.

Mo lo oògùn, mo ń jẹ ẹja títù àti ẹyin, mo gbé àpótí mi bọ́ sí ìta láàárọ̀. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ mi dé láyọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, aboyún kan tó tóbi bíi tèmi wà lórí bẹ́ǹṣì ọjọ́sí. Mo jókòó tì í, mo bi í bóyá wọ́n ti fún un ní fólíìkì.